Ẹ Mu Omi Náà Tán Kí A Tó Ya Àwòrán Ìfun Yín

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyá kan láti apá Wandó nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí da omi tí a fún un sídìí òdòdó tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó dúró kí nọ́ọ̀sì yíjú ni. Ó wọlé, ó ní òun ti mu gbogbo rẹ̀, ó sùn sórí ẹ̀rọ sìkánà tó ń ya àwòrán inú ara, a ya á. Mo jókòó ti àwòrán náà bí ogún ìṣẹ́jú, n kò rí nǹkan gidi kà níbẹ̀. Ìfun apá ọ̀tún nísàlẹ̀ rún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n kì mọ́ inú àpò. Ṣé ara ìfun ló wú ni, àbí ó kàn ká jọ torí pé òfìfo ni? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Owó ti lọ, ìtànṣán ti wọ ara, èsì ò sí. Òun sì ni ẹnì kẹrin lóṣù yẹn.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ omi yìí dáadáa. Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó bíi mítà 6, ó sì ká lé ara rẹ̀. Àwọn tó ń ti kámẹ́rà gba ẹnu, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń dé. Àwọn tó ń gba ìdí wọlé, ìwọ̀nba díẹ̀ níparí rẹ̀ ni wọ́n ń rí. Gbogbo àárín yẹn, àwa dókítà tó ń ka àwòrán sìkánà la ni ín, mo sì ń fi iṣẹ́ náà yangàn. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a ká, bí ẹni tó tà á bá gbọ́n tó gbọ́n, kò lè fi ọnà ara rẹ̀ hàn yín láìtẹ́ ẹ. Omi ló ń tẹ́ ìfun.

Ó máa ń tó lítà kan àtààbọ̀. A máa ń po mannitol mọ́ ọn, irú ṣúgà kan tí ìfun kì í tètè fà, kí omi náà lè dúró sínú rẹ̀. Ẹ ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45 sí 60. Bí ẹ bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, èébì lẹ ó fi bì í. Bí ẹ bá mu ún tán tí ẹ jáde lọ ra nǹkan lọ́jà, kí ẹ tó dé ó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun ńlá. Lẹ́yìn náà la ó gún òògùn tó ní áyódì sí iṣan apá yín, tí a ó sì ya àwòrán ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 45 sí 50 lẹ́yìn rẹ̀. Lásìkò yẹn gan-an, ara ìfun á tàn funfun, omi inú rẹ̀ á ṣú, a ó sì lè wọn ìnípọn ara rẹ̀. Ìfun tó kún dáadáa, tí ara rẹ̀ sì nípọn ju mìlímítà 3 lọ, ó ní ohun tó ń ṣe é. Èyí tó ṣófo máa ń nípọn fúnra rẹ̀, á sì tan ẹni tó ń kà á jẹ. Ẹ wá rí ohun tí ife mẹ́ta tí ẹ dà nù lè fà.

Ẹ má jẹun fún wákàtí 6, ẹ mú èsì àyẹ̀wò kíndìnrín dání, ẹ sì sọ fún wa bí ẹ bá ń lo Metformin, òògùn àtọ̀gbẹ. Gbogbo ìyẹn wà lórí ìwé tí wọ́n fún yín.

Ohun tí kò sí lórí ìwé kankan ni àgbo ìfọnú. Ta ló ní kí ẹ lọ mu ún lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí inú lè mọ́ fún sìkánà? Ẹni tó ń tà á fún yín kò rí ìfun rí. Tí ẹ bá sọ pé inú ń run yín, á ní ẹ ti jẹun lójú oorun, kí ẹ mu tibí kí ẹ fi yà á dànù.

Wọ́n gbé ọmọkùnrin ọdún 17 kan wá láti ọ̀nà Kétu. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀ tí ibà ti ń ṣe é. Oògùn orí àtẹ ni wọ́n ń rà fún un, irú èyí tí ìjọba gbógun tì ní 2017. Inú ta á lójijì lóru ọjọ́ kan. Alágbo ní oúnjẹ ojú oorun ni, ó sì bu ife méjì fún un. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ikùn rẹ̀ le bí pákó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kì í fún un lómi rárá. A ya á bó ṣe wà. Lórí òṣùwọ̀n tó ń sọ bí nǹkan ṣe dúdú tàbí funfun tó lórí àwòrán, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Hounsfield, ọkùnrin tí ẹ̀rọ rẹ̀ ya aláìsàn àkọ́kọ́ nílùú London ní 1971, omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000, dúdú kirikiri. Mo rí dúdú yẹn níwájú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná. Afẹ́fẹ́ ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ìfun ti lu, ìgbẹ́ àti àgbo sì ti tú sínú ikùn. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni: orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó ń ṣe, apá ìparí ìfun kékeré ló sì máa ń jẹ jù. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lóru ọjọ́ yẹn. Ó yè, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ló fi ń yàgbẹ́ sínú àpò tó rọ̀ mọ́ ikùn rẹ̀.

Ẹni tí inú rẹ̀ bá wú, tó ń bì, tí kò só, tí kò yàgbẹ́, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fún un ní òògùn ìyàgbẹ́, ẹ má fi rọ́bà fín nǹkan sí i nídìí. Ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ lóru.

Ìyá Wandó padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó jókòó níwájú nọ́ọ̀sì, ó mu ife méje, ó ń fi ìka kà wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí ìfun náà tẹ́ gbalaja. Bíi sẹ̀ǹtímítà 12 níparí ìfun kékeré ti nípọn tó mìlímítà 8, kókó mélòó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àárín wọn ṣú. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ló wọ ìfun, ó sì lè jẹ́ àìsàn Crohn, níbi tí ara fúnra rẹ̀ ti ń bá ìfun jà tó fi ń wú. Àwọn tó máa ti ìdí wọlé gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò ni yóò yanjú ìyẹn, torí òògùn ọ̀kan lè ba ti èkejì jẹ́. Ó bi mí pé, "Dókítà, ṣé ẹnì kan ló ṣe mí?" Mo fi ibi tó wú náà hàn án lójú ẹ̀rọ. Ó fi ìka kàn án, ó sì fi ọwọ́ kejì di ikùn rẹ̀ mú lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. "Ibí yìí náà ni," ó wí. "Láti ọdún tó kọjá."