Àtòjọ iṣẹ́ tó ń tún ara ẹ̀ tò

Àtòjọ iṣẹ́ tó ń tún ara ẹ̀ tò ni lísìtì iṣẹ́ inú ápù ọ́fíìsì tó jẹ́ pé kì í ṣe ẹni tó ni ín ló ń fọwọ́ sún iṣẹ́ sókè sísàlẹ̀ lójoojúmọ́, ápù yẹn fúnra ẹ̀ ló ń ṣírò èyí tó yẹ kó wà lókè, ó sì ń tún un ṣírò bí ọjọ́ ṣe ń lọ, bí iṣẹ́ tuntun ṣe ń wọlé, àti bí ẹni yẹn ṣe ń ṣe sí èyí tó wà níwájú ẹ̀. Kálukú ló ní tiẹ̀. Èèyàn méjì lè jọ wà lórí iṣẹ́ kan náà kó jẹ́ nọ́ńbà kìíní lójú ọ̀kan, kó jẹ́ ìkẹtàdínlógún lójú èkejì, kò sì sí ẹni tó ṣe àṣìṣe nínú wọn. Ibi tó ti yàtọ̀ sí bọ́ọ̀dù tí gbogbo tíìmù jọ ń wò nìyẹn, irú ti Jira, ápù tí àwọn tíìmù fi ń tọpa iṣẹ́ wọn, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ kan sókè níbẹ̀, ó ti gbé e sókè fún gbogbo wọn.

Ìmọ̀ tó wà nídìí ẹ̀ ti wà kó tó di pé fóònù dé. Ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ ṣe nǹkan ló kọ́kọ́ kó sí ìṣòro yìí: ẹ̀rọ kan, iṣẹ́ púpọ̀, èwo ni ká kọ́kọ́ gbé sí i? Ní 1955, J. R. Jackson ní yunifásítì UCLA, lẹ́bàá òkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, fi hàn pé tí wọ́n bá ń mú èyí tí ọjọ́ ẹ̀ sún mọ́ jù ṣáájú, kò sí ètò míì tó lè mú kí iṣẹ́ tó máa pẹ́ jù nínú wọn pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, W. E. Smith ní tiẹ̀ sọ pé tí iṣẹ́ kan bá ṣe pàtàkì ju òmíì lọ, kí wọ́n fi àkókò tó máa gbà pín bó ṣe ṣe pàtàkì tó, èyí tí èsì ẹ̀ bá tóbi jù ni kó ṣáájú. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ápù ò tíì ṣe ju kí wọ́n lú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yìí pọ̀.

Ọ̀nà kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wá nǹkan nínú fáìlì. John McCabe kọ̀wé ní 1965 nípa lísìtì tó jẹ́ pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú ẹ̀, iwájú ni wọ́n ń dá a padà sí, bí aṣọ orí àpótí, èyí tó o wọ̀ lánàá ló máa wà lókè lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tò ó. Ó dà bí ọgbọ́n ọ̀lẹ, àmọ́ ní 1985 Daniel Sleator àti Robert Tarjan fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀ pé wàhálà tó máa ná èèyàn kì í ju nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ẹni tó ti mọ gbogbo ohun tí wọ́n máa bèèrè lọ́jọ́ iwájú. Apá tí wọ́n ń pè ní "èyí tó o lò kẹ́yìn" nínú ọ̀pọ̀ ápù, ọmọ ọgbọ́n yìí ni.

Nínú àwọn tó ń lo nọ́ńbà gbangba, Taskwarrior ló rọrùn jù láti fi ṣàlàyé, torí pé kò fi nǹkan kan pa mọ́. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni, ó jáde ní 2008, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ sí i, kò ní bọ́tìnì ṣíṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì tó ń sọ bó ṣe jẹ́ kánjúkánjú tó, máàkì yẹn sì jẹ́ àròpọ̀ oríṣiríṣi nǹkan. Tó o bá sọ pé iṣẹ́ kan ga, ó gba 6.0, èyí tó wà láàárín gba 3.9, èyí tó kéré gba 1.8. Iṣẹ́ tí òmíì ń dúró dè gba 8.0, èyí tó jẹ́ pé òun ló ń dúró de òmíì pàdánù 5.0, torí kò sí ohun tó o fẹ́ ṣe sí i báyìí. Èyí tó o ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ gba 4.0. Tó o bá wá fi ààmì "next" sí nǹkan, 15.0 ló máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé o ti fi ọ̀pá tì í sókè.

Ọjọ́ tó yẹ kí iṣẹ́ parí ló mú kó máa yí fúnra ẹ̀. 12.0 ni gbogbo máàkì tó wà níbẹ̀, àmọ́ kì í fún ẹ ní gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, 2.4 péré lo máa rí, á wá máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, tó bá dọjọ́ gan-an á ti tó 8.8, tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan kọjá ló tó pé 12.0. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: iṣẹ́ tó ga tó ku ọ̀sẹ̀ méjì ní 8.4, iṣẹ́ tó kéré tí ọjọ́ ẹ̀ pé lónìí ní 10.6, ìyẹn ni pé iṣẹ́ kékeré ti fò kọjá iṣẹ́ ńlá lórí lísìtì, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọjọ́ orí náà ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tó ti pé ọdún kan níbẹ̀ á ti kó 2.0 jọ, kékeré ni lóòótọ́ àmọ́ ohun tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí ò ní ọjọ́ kankan kú sí ìsàlẹ̀ nìyẹn. Gbogbo nọ́ńbà yìí ni olówó ẹ̀ lè yí padà nínú fáìlì kan ṣoṣo, ó tún lè fún orúkọ oníbàárà tàbí iṣẹ́ àkànṣe kan ní máàkì tiẹ̀.

Irú kejì kì í gba nọ́ńbà lọ́wọ́ èèyàn, ìwà ẹ ló ń kọ́. Google gbé Priority Inbox jáde lórí Gmail ní oṣù kẹjọ 2010. Ímeèlì kì í ṣe lísìtì iṣẹ́ o, àmọ́ ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ń gbà wọlé. Ó máa ń wo bó o ṣe máa ń ka lẹ́tà ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ẹ, àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀, bóyá ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, á wá ṣírò bó ṣe ṣeé ṣe tó pé o máa fọwọ́ kàn án kó tó pẹ́. Ìṣirò méjì ló ń rò pọ̀, ọ̀kan tó kọ́ lára gbogbo èèyàn àti ọ̀kan tó jẹ́ tìẹ nìkan, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò tíì ní ìwà kankan tí wọ́n lè kọ́, ti gbogbo ayé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún un. Ààlà tó pín "pàtàkì" sí "kò ṣe pàtàkì" náà yàtọ̀ fún kálukú, tó o bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra pé àwọn tó gbé síwájú ẹ ti pọ̀ jù, ààlà yẹn á sún lójú ẹsẹ̀. Nínú ìwé tí Douglas Aberdeen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Google kọ lórí ẹ̀, wọ́n ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ Google tó ń lò ó fi ń ka ímeèlì dín ní 6%, ti lẹ́tà tí ò ṣe pàtàkì sì dín ní 13%. Microsoft náà gbìyànjú irú ẹ̀ lórí ímeèlì tiẹ̀ ní 2014, tí wọ́n pè ní Clutter, àmọ́ ńṣe nìyẹn ń gbé lẹ́tà lọ sínú fódà míì tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa lọ yẹ̀ wò, nígbà tó di 2016 wọ́n fi Focused Inbox rọ́pò ẹ̀, tó fi lẹ́tà pàtàkì àti èyí tí ò ṣe pàtàkì sí ojú kan náà.

Ìṣòro tó le jù nínú gbogbo ẹ̀ kì í ṣe ìṣirò, ojú àti ọwọ́ èèyàn ni. Microsoft Office 2000 ní mẹ́nù tó ń fi àwọn ohun tó ò kì í sábà lò pa mọ́, èèyàn á wá nǹkan síbi tó bá a lánàá, kò ní sí níbẹ̀. Nígbà tí Office 2007 dé, ọ̀pọ̀ mẹ́nù yẹn ti lọ. Leah Findlater àti Joanna McGrenere ní Yunifásítì British Columbia ní Kánádà dán irú mẹ́nù mẹ́ta wò ní 2004, èyí tí kì í yí, èyí tó ń yí fúnra ẹ̀, àti èyí tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ yí, èyí tí kì í yí yá ju èyí tó ń yí fúnra ẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yí sì ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn. Torí ẹ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í fi í jẹ́ kí lísìtì sún nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì ń wò ó, wọ́n á dúró dìgbà tó bá tún un ṣí, tàbí kílẹ̀ mọ́. Wọn ò sì ní torí pé nọ́ńbà kan fi díẹ̀ ju òmíì lọ kí wọ́n pààrọ̀ àyè wọn, ó gbọ́dọ̀ jù ú lọ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ méjì á kàn máa fò lé ara wọn lórí láàárọ̀ lálẹ́. Microsoft To Do tiẹ̀ sá fún gbogbo wàhálà yìí, "My Day" ẹ̀ máa ń ṣófo lálẹ́, á dábàá àwọn iṣẹ́ kan láàárọ̀, èèyàn ló máa mú.

Ti inú dátábéèsì, ibi tí ápù ń kó ìsọfúnni ẹ̀ pa mọ́ sí, ò le. Iṣẹ́ fúnra ẹ̀ wà níbì kan, àyè tó wà lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan wà níbòmíì pẹ̀lú orúkọ ẹni yẹn, máàkì tó bá ti jẹ mọ́ ọjọ́, ìgbà tí wọ́n bá ṣí lísìtì ló dáa kí wọ́n ṣírò ẹ̀ torí bí wọ́n bá fi pa mọ́ lánàá ó ti di irọ́ lónìí. Ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ gbé kalẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, kí ìṣirò tó kàn má lọ pa á rẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń tan irú tó ń kọ́ ìwà jẹ. Iṣẹ́ tó wà lókè ni wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ̀, bóyá ó yẹ tàbí kò yẹ, ápù á sì gbà pé òun gbọ́n, á tún gbé irú ẹ̀ sókè lọ́la. Nígbà míì ó tún kọjá ọ̀rọ̀ ìṣirò, torí ẹni tó bá mọ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe sí iṣẹ́ ẹ̀ lè lò ó láti pín iṣẹ́ fún un tàbí dá a lẹ́jọ́. Òfin àìrídìmú onílàákàyè (AI) tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2024 ka ẹ̀rọ tó ń fi ìwà òṣìṣẹ́ pín iṣẹ́ fún un mọ́ àwọn tó léwu púpọ̀, ó sì gbé ẹrù iṣẹ́ lé àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń lò ó. Taskwarrior ò fi bẹ́ẹ̀ ní irú ẹjọ́ yìí, inú kọ̀ǹpútà olówó ẹ̀ ni fáìlì ẹ̀ wà, tó bá sì fẹ́ mọ ìdí tí iṣẹ́ kan fi wà lókè, á tẹ nọ́ńbà iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà "info", á rí bí wọ́n ṣe ro máàkì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.