Nọ́ńbà tí fíígọ̀ ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógójì: ṣé ó kan owó wa ní báńkì?

Ìròyìn kan ń lọ lórí WhatsApp l'Ádó-Èkìtì pé ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Luke Durant, ti rí nọ́ńbà tó kẹ́yìn láyé, àti pé àwọn ọlọ́ṣà máa fi ṣí báńkì. Òótọ́ ni pé wọ́n rí nọ́ńbà, October 2024 ni wọ́n kéde ẹ̀. Ìyókù ni mo fẹ́ ká yanjú.

Nọ́ńbà wo gan-an ni?
Ẹ kọ 2 sílẹ̀ lọ́nà 136,279,841, ẹ táìmù gbogbo wọn pọ̀, kẹ́ ẹ wá yọ 1. Fíígọ̀ 41,024,320 ló máa jáde, 1 sì ló parí sí. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé l'Ájílósùn, kí fíígọ̀ 3,000 wà lójú ewé kan, rímù pépà bíi 27 ló máa jẹ.

Kí ló ṣe pàtàkì nínú ẹ̀?
Prime ni. Kò sóhun tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀, bíi 7 àti 31.

Ṣé òun ló kẹ́yìn?
Rárá o! Euclid ará Gíríìsì ti fi hàn láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún pé prime ò lópin. Èyí ló kàn tóbi jù nínú àwọn tá a mọ̀ nígbà tí wọ́n kéde ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kò sóhun tó pín in?
Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Wọn ò fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pín in wò, irú iṣẹ́ yẹn ò lè parí láéláé, ọ̀nà kan ni Édouard Lucas ará Faransé gbé kalẹ̀ tí D. H. Lehmer ará Amẹ́ríkà sì tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi 31 wò ó, torí 2 márùn-ún tá a táìmù pọ̀ tá a yọ 1 ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí 4: 4 táìmù 4, yọ 2, ó di 14. 14 táìmù 14, yọ 2, ó di 194, ẹ fi 31 pín in, á ṣẹ́ku 8. 8 táìmù 8, yọ 2, ó di 62, ẹ fi 31 pín in, kò ṣẹ́ku nǹkan kan. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta la gbé, ìyẹn 5 yọ 2, ó sì já sí òdo, 31 ti yege nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ìgbésẹ̀ 136,279,839 ni ti Durant, ẹ̀rọ kan ní Dublin ló kọ́kọ́ tú u fó, òmíràn ní Texas wá fi ọ̀nà yìí jẹ́rìí sí i.

Ṣé gbogbo 2 tá a bá ṣe báyẹn ló ń di prime?
Rárá. Ẹ lo 2 mọ́kànlá, 2,047 lẹ máa rí, 23 táìmù 89 sì ni. Irú ẹ̀ 52 péré ni wọ́n tíì rí pẹ̀lú ti Durant.

Owó wa ní báńkì ńkọ́?
Kò séwu níbẹ̀. Lóòótọ́ íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fi prime tilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn tí fíígọ̀ wọn tó bí 300 ni, àṣírí sì ni wọ́n. Èyí tí gbogbo ayé ti mọ̀ ò wúlò fún kọ́kọ́rọ́, kò sì lè ṣí tẹlòmíì. Ẹni tó ń béèrè nọ́ńbà ATM yín lórí fóònù ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ṣé mo lè wá tèmi kí n gbowó?
Ẹgbẹ́ GIMPS ló ṣètò ìwákiri yìí, ọ̀fẹ́ ni app wọn, $3,000 sì ni ẹ̀bùn irú èyí. Àmọ́ ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ ṣe é o, kọ̀ǹpútà á máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, owó epo á ti tán yín lára kẹ́ ẹ tó rí nǹkan kan. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó lè wọlé, olè ni. Tó bá jẹ́ ọmọ yín tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló fẹ́ gbìyànjú, ẹ fún un ní 127, 2 méje tá a táìmù pọ̀ tá a yọ 1 ni, ìgbésẹ̀ márùn-ún ni kó gbé, 14, 67, 42, 111 ló yẹ kó máa rí kó tó kan òdo.