Ẹ Jẹ́ Kí Ọjọ́ Ìpàdé Yín Dúró Lójú Kan

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí, yálà Òṣogbo ni ẹni náà ti pè ni tàbí Abẹ́òkúta. "Ẹ káàsán mà, Àǹtí. A fẹ́ dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ kódù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, sílẹ̀ nílùú wa. Tí-ṣáàtì mélòó ló yẹ ká tẹ̀? Ta la lè pè ní àlejò pàtàkì?" Kò tíì sí ẹni tó bi mí pé Sátidé wo nínú oṣù ló yẹ kí àwọn máa pàdé. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló yẹ kó ṣíwájú, òun ni màá sì fi púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òní sọ.

Iṣẹ́ kódù ni mo fi ń jẹun nílùú Ìbàdàn. Python, ọ̀kan lára àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ kódù, ni mo fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo sì wà lára àwọn tó ń ṣètò ìpàdé oṣooṣù fún àwọn akẹgbẹ́ wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó fi bánà gígùn àti small chops bẹ̀rẹ̀, tí gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà, tí kò sì pé oṣù mẹ́rin tó fi tú. Mo rí òmíràn tí àwọn méje péré bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan ní Agbowó, ó sì wà títí dòní. Sátidé kejì oṣù làwọn yẹn mú, aago mọ́kànlá àárọ̀, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́ rí. Òjò rọ̀, wọ́n jókòó. Iná lọ, wọ́n jókòó. Ẹni tó fẹ́ kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ò wá, wọ́n ṣí láptọ́ọ̀pù wọn, wọ́n bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ wo ọjà Ọjẹ́ nílùú Ìbàdàn níbí. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún làwọn tó ń ta aṣọ òkè ń pàdé níbẹ̀, àwọn ará Ìsẹ́yìn á gbé ẹrù wọn wá, àwọn oníbàárà á ti ọ̀nà jíjìn dé. Kò sẹ́ni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni pé ọjà ti sún sí Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí kò ráyè wá lónìí mọ ọjọ́ tí òmíràn bọ́ sí, ó sì lè fi í ṣe ètò ara rẹ̀ láìbéèrè. Bí wọ́n bá ń sún un síwá sẹ́yìn nítorí pé ọlọ́lá kan láti Èkó ò tíì dé, ọjà náà ì bá ti tú látayébáyé.

Olùṣètò kan pè mí lọ́dún tó kọjá, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn kún fọ́fọ́, ìkejì dín kù, àwọn mẹ́rin ló wá sí ìkẹta. "Àǹtí, wọ́n ń ṣe wá ni o. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká gbààwẹ̀ sí i." Mo ní kí ó ka àwọn ọjọ́ tí wọ́n pàdé fún mi. Sátidé ni àkọ́kọ́. Ọjọ́rú ni ìkejì, nítorí pé ọjọ́ yẹn ni gbọ̀ngàn ṣófo. Ìkẹta, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sún un kí àlejò wọn lè ráyè, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n sì tó kéde rẹ̀ lórí WhatsApp. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó ń ṣe yín! Àwọn tó ń bọ̀ wá bá yín níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àwọn míì ní ọmọ nílé, àwọn míì ní ìdánwò. Ẹ fi ọjọ́ dá wọn lójú, wọ́n á wá. Ẹ má fi àìṣètò yín sùn ayé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ẹ ṣe máa mú ọjọ́ náà. Ẹ má mú Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ṣì ń ṣe ìmọ́tótó àyíká, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń ṣe é, àwọn ènìyàn ò sì ní jáde bọ̀rọ̀. Òde ìgbéyàwó pẹ̀lú máa ń pọ̀ ní òpin oṣù, ẹ ò lè bá aṣọ ẹbí du ènìyàn. Ọjọ́ ìsinmi Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín. Ọjọ́ Ẹtì, ìrun Jímọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀sán sì ti lọ kí àwọn ènìyàn tó padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe. Sátidé kejì ni mo fara mọ́: owó oṣù ò tíì tán lápò àwọn òṣìṣẹ́, owó ọkọ̀ ò sì ní di ìjà. Ẹ má fojú kéré owó ọkọ̀ o. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọmọ ilé ìwé tó ń ti Mọ́níyà bọ̀ ní Ring Road ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọkọ̀. Nítorí náà, ẹ wá ibi tí ọkọ̀ kan péré lè gbé ọ̀pọ̀ nínú yín dé. Gbọ̀ngàn tó rẹwà lẹ́yìn ìlú kò wúlò fún yín.

Oṣù Ààwẹ̀ Ràmàdánì ńkọ́? Ó máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún, kò sí bí kò ṣe ní kan yín. Ẹ má fagi lé ìpàdé, ẹ má sì yí ọjọ́ padà. Ẹ kàn tètè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ parí kí ìrun Ásárì tó dé, kí ẹ má sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú aláàwẹ̀. Oṣù yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo wa la rántí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2020, pé ọlọ́pàá ń dá wọn dúró lọ́nà nítorí láptọ́ọ̀pù tó wà nínú báàgì wọn. Òbí tó rí i pé ọmọbìnrin òun ti dé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, kò ní dí i lọ́wọ́ láti wá lóṣù tó ń bọ̀.

Nípa gbọ̀ngàn, ẹ̀sítéńṣọ̀n àti projector, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó lè kọ kódù á lè ṣètò ibi tí wọn ó ti so wáyà. Kí ẹ kàn rántí pé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn pọ̀ jù lójúmọ́, fò láti bíi ₦68 sí ₦225 fún ìwọ̀n iná kan (kWh) ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ẹni tó yá yín ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ ti ṣe yín lóore ńlá, ẹ gbálẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ohun tí ẹ máa ṣe nípàdé ló kù. Ní ọjọ́ karùn-ún Oṣù Kẹta ọdún 1975, àwọn bí ọgbọ̀n ènìyàn péjọ sínú ibi ìgbọ́kọ̀sí Gordon French ní Menlo Park, California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Homebrew Computer Club ni wọ́n pe ara wọn, wọ́n sì ń pàdé lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà tí wọ́n pọ̀ sí i tí wọ́n kó lọ sí gbọ̀ngàn ńlá, Lee Felsenstein ló máa ń darí wọn. Á kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ènìyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń wá. Lẹ́yìn náà á tú wọn sílẹ̀ kí kálukú lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan án. Steve Wozniak wà nípàdé àkọ́kọ́ yẹn. Àárín wọn ló ti fi kọ̀ǹpútà tó wá di Apple I hàn, tó sì ń fún wọn ní àwòrán bó ṣe tò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí òun àti Steve Jobs tó dá ilé iṣẹ́ Apple sílẹ̀ ní Oṣù Kẹrin ọdún 1976.

Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú yín, ẹ ò nílò àlejò pàtàkì. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan: orúkọ mi rèé, ohun tí mò ń kọ rèé, ibi tó ti há mi lọ́rùn rèé. Ọmọ tí kò lè so kódù rẹ̀ mọ́ database, ibi tí wọ́n ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí, á rí i pé ẹni tó jókòó tì í ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti rí i tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́ oṣù fún ènìyàn. Mi ò tíì rí i kí àwòrán tí wọ́n bá gbajúmọ̀ yà di iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má tún san owó fún àwọn tó ń ta ìwé PDF pé àwọn á kọ́ yín bí ẹgbẹ́ ṣe ń dàgbà. Ẹ bi wọ́n pé ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ti bójú tó fún ọdún kan gbáko, ẹ wo bí wọ́n á ṣe yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn Django Girls tó bẹ̀rẹ̀ ní Berlin lọ́dún 2014 ti kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn obìnrin sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ kà á.

Ọ̀rọ̀ àlejò yìí ló mú mi dórí ohun tó ń dùn mí jù. Ẹgbẹ́ kan wà nílùú kan nílẹ̀ Yorùbá yìí, mi ò ní dárúkọ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n, ìpàdé wọn sì ń lọ déédéé. Ọkùnrin kan wá ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn: ó ra oúnjẹ, ó san owó gbọ̀ngàn, ó ní kí wọ́n fún òun ní ogún ìṣẹ́jú péré kí òun sọ̀rọ̀ nípa blockchain, ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà nídìí owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé máíkì lé e lọ́wọ́. Kò kọ ìlà kódù kan. Owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ló ń tà, ó ní ẹni tó bá fi owó sí i lónìí á gbà á ní ìlọ́po láàárín oṣù kan. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn gbọ́ lẹ́nu MMM, ètò tó ṣèlérí èrè ńlá lóṣooṣù, kó tó ti àpò owó wọn pa ní Oṣù Kejìlá ọdún 2016! Ṣùgbọ́n ní ìpàdé yìí, àwọn olùṣètò tí àwọn ọmọ náà fọkàn tán ló pè é síwájú. Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní poli fi owó tí ìyá rẹ̀ fún un láti fi ra láptọ́ọ̀pù sí i. Kí oṣù náà tó parí, fóònù ọkùnrin náà ò lọ mọ́.

Àwọn olùṣètò wọ̀nyẹn ò jí kọ́bọ̀, síbẹ̀ àwọn ni àwọn òbí ń wá dé ilé. Ẹgbẹ́ náà tú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn kò kọ kódù mọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ já fáfá gan-an. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà, ẹ kọ òfin yín sílẹ̀ kí ẹ tó pàdé lẹ́ẹ̀kejì. Python Software Foundation, àjọ tó ń bójú tó èdè Python, tó ti fi owó ran irú ìpàdé wa lọ́wọ́, kì í fún ẹgbẹ́ tí kò ní òfin ìwà lówó. Nínú tiyín, ẹ kọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta ìdókòwò tàbí gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nípàdé, ì báà jẹ́ òun ló ra gbogbo oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó fi iṣẹ́ tó fẹ́ fi hàn ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹni méjì nínú yín sì gbé kódù náà ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ara wọn. Bí kò bá ní kódù tó lè fi ránṣẹ́, ẹ má fún un ní máíkì.