Ìhùmọ̀ ni, kì í ṣe ìṣẹ̀dá

Mo ka ìkéde iṣẹ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá: ẹnjiníà sọ́fítíwíà “tó ní kíríétífítì”, ìyẹn creativity lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń wá. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá wá bà á jẹ́ pátápátá, ó pè é ní “agbára ìṣẹ̀dá”. Ìṣẹ̀dá kẹ̀? Ṣé Ẹlẹ́dàá ni wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ ni?

Àwọn mìíràn ní àtinúdá. Ìyẹn dára fún ewì àti eré onítàn, torí inú akéwì ni nǹkan rẹ̀ ti ń wá. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ẹnjiníà ń bá yí ní tiẹ̀: kóòdù tí ẹlòmíì kọ tì, sáfà (kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀) tí kò lágbára, ọjọ́ méjì péré.

Ìhùmọ̀ lèmi ń pè é. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ń rùn, pé ibi ni wọ́n ń hùmọ̀ nínú Bíbélì. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 31, kẹ́ ẹ wo Bẹ́sálẹ́lì tí Ọlọ́run fún lọ́gbọ́n láti hùmọ̀ iṣẹ́ ọnà wúrà, fàdákà àti idẹ. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ẹnjiníà, kí ni? Ẹni tó bá sì ní kí n tún ya ìhùmọ̀ sọ́tọ̀ sí ọgbọ́n inú, kó lọ jókòó.

Ẹ wo oníbàárà tó gbé àǹkárá yáàdì mẹ́rin wá, tó ní bùbá, ìró àti gèlè lòun fẹ́. Télọ̀ kan á ní kò tó. Èkejì á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, á yí i síwá sẹ́yìn, á fi àgékù lẹ abẹ́ abíyá níbi tójú ò ní tó. Kò ṣẹ̀dá aṣọ kankan, ó hùmọ̀ ni.

Àwọn agbanisíṣẹ́ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dán ìhùmọ̀ wò. Àlọ́ àpamọ̀ ni Google ń pa fún àwọn tó ń wáṣẹ́ nígbà kan, kó tó di pé Laszlo Bock, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, jẹ́wọ́ ní 2013 pé ìfàkókòṣòfò gbáà ni. Ní 2015, Max Howell tó kọ Homebrew, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gbé sọ́fítíwíà mìíràn sórí kọ̀ǹpútà, pariwo lórí Twitter pé Google ò gba òun torí òun ò lè yí binary tree (dátà tí wọ́n tò bí igi ẹlẹ́ka méjì-méjì) padà lójú pátákó, bẹ́ẹ̀, ó ní ìdá 90 nínú 100 ẹnjiníà wọn ló ń lo iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Àkọ́sórí ni pátákó ń dán wò. Ẹ gbé kóòdù tó ń dẹ́nu kọlẹ̀ fún ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹ ní kò gbọdọ̀ ra sáfà tuntun, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Tó bá parí, ẹ bi í ní àwọn ọ̀nà tó gbìyànjú tó sì pa tì, àti ìdí tó fi pa wọ́n tì.