Ta ni owó orin ń bá délé? Bó ṣe ń rí fáwọn olórin country, olórin funk àtàwọn tó ń bá wọn lù ú

Ní Amẹ́ríkà, orin kan tẹ́ ẹ gbọ́ lórí rédíò, nǹkan méjì ni lójú òfin: orin fúnra ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tẹ́nì kan jókòó ṣẹ̀dá, àti gbígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní sitúdíò. Ẹni tó ṣẹ̀dá ẹ̀ àti pọ́bílíṣà, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin náà, nìkan ni rédíò AM àti FM máa ń sanwó fún. Ẹni tó fẹnu ara ẹ̀ kọ ọ́, onígìtá, onílù, elégbè, kọ́bọ̀ ò kàn wọ́n níbẹ̀.

Ẹ wo "Crazy" tí Patsy Cline kọ ní 1961. Willie Nelson ló ṣẹ̀dá ẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì mọ̀ ọ́n ní olórin. Floyd Cramer wà nídìí dùùrù, Buddy Harman nídìí dírọ́ọ̀mù, wọ́n tiẹ̀ ti lu tiwọn tán kí Patsy tó padà wá fi ohùn sí i, torí ìjàǹbá mọ́tò ti ṣe é léṣe ní ìhà, kò lè fa ohùn òkè. Tí rédíò bá wá gbé e, Willie ló ń gbowó. Ìdí nìyí tí Dolly Parton, olórin country, fi kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí Elvis Presley fẹ́ kọ "I Will Always Love You" tí Dolly ṣẹ̀dá, tí máníjà Elvis, Colonel Tom Parker, ní àfi káwọn gba ìdajì ẹ̀tọ́ orin náà. Ó dun Dolly o, àmọ́ ó ní rárá. Whitney Houston wá kọ orin yẹn ní 1992, ó gba gbogbo ayé kan, ẹ ti mọ àpò tí owó rédíò ẹ̀ wọ̀.

Báwo wá làwọn tó ń lù ún ṣe ń jẹun? Ní Nashville, ìlú tí wọ́n ti ń gba orin country sílẹ̀, owó iṣẹ́ ni. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ti fi iye tó kéré jù lélẹ̀ fún session kan, ìyẹn ìjókòó kan ní sitúdíò, wákàtí mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́, ẹni tó bá ṣe lídà á gba ìlọ́po méjì, owó démò, ìyẹn orin àfidánwò, ò sì tó ti àwo gidi. Torí náà ẹni tó bá yára ni wọ́n ń pè padà, kò sáyè à ń ka nóòtì, nọ́ńbà kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kọ sórí bébà, ọgbọ́n tí Neal Matthews, ọ̀kan lára àwọn Jordanaires tó ń gbè fún Elvis, gbé kalẹ̀, tí Charlie McCoy wá tàn ká. Tí bébà bá ní 1 1 4 5, tí kíì, ìyẹn ohùn tí orin dúró lé, bá jẹ́ G, ẹ ó tẹ G lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó bọ́ sí C, ẹ ó lọ sí D. Kí olórin wá ní ohùn òun ò gbé e, ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ sí F: bébà ò yí padà, 1 ti di F, 4 ti di B fúláàtì, 5 ti di C, ó parí. Ẹni tó bá ti fi do-re-mi kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì rí á tètè mọ̀ ọ́n, "do" náà ló ń ṣípò yẹn.

Tàwọn onífunk yàtọ̀, ọ̀gá kan lẹ máa so mọ́. James Brown ń sanwó fọ́mọ báńdì, ó sì tún ń bu owó ìtanràn: ẹ ṣi nóòtì lù, ẹ sanwó, bàtà yín ò dán, ẹ sanwó. Nígbà tí báńdì fàáké kọ́rí ní 1970, ó kó àwọn ọmọ Cincinnati wọlé, Bootsy Collins ọmọ ọdún 18 àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Catfish (àwọn náà ló bá a dé Nàìjíríà lọ́dún yẹn, tí wọ́n lọ wo Fela l'Ékòó). Èyí tó dunni jù ni ti Clyde Stubblefield, onílù James Brown. Òun ló lu "Funky Drummer" ní 1969, James Brown nìkan ni wọ́n kọ pé ó ṣẹ̀dá ẹ̀, torí wọn ò ka ìlù sí orin. Àwọn oníhip-hop wá ń gé ìlù yẹn lò, Public Enemy, N.W.A, àìmọye wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ sanwó, ẹni tó ni orin àti ilé àwo ló máa san án fún.

Ti George Clinton, ọ̀gá báńdì funk mìíràn, sàn díẹ̀. Àwọn èèyàn kan náà ló ń kó lọ sílé àwo méjì, wọ́n ń jẹ́ Parliament ní Casablanca, wọ́n ń jẹ́ Funkadelic ní Warner, ó sì fi orúkọ Bootsy àti Bernie Worrell sí "Flash Light" pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣẹ̀dá ẹ̀.

Rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ti sátẹ́láìtì ló yàtọ̀. Níbẹ̀, gbígbà sílẹ̀ náà ń pawó: nínú dọ́là kan, sẹ́ǹtì 50 ni ti ẹni tó ni àwo, 45 ti olórin tórúkọ ẹ̀ wà níwájú, 5 tó kù làwọn onílù àtàwọn elégbè máa pín, tí wọ́n bá ṣáà ti rí orúkọ wọn nínú ìwé session.