Àtúnṣe sí ìlànà ìmọ̀ṣẹ́ àwọn saikọ́lọ́jísìtì

Ìlànà ìmọ̀ṣẹ́ ni àkójọ ohun tí saikọ́lọ́jísìtì, ìyẹn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, gbọ́dọ̀ mọ̀ kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé àwọn tó láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n tó kéré jù lọ ni, kì í ṣe ti ọ̀gá nídìí iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ a máa tún un ṣe látìgbàdégbà bí iṣẹ́ náà ṣe ń yí padà.

Ní Ìlú Ọba, HCPC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ló ń forúkọ àwọn saikọ́lọ́jísìtì sílẹ̀ láti 2009. Ìlànà rẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Kẹsàn-án 2023. Ó tẹnu mọ́ ìdọ́gba, lílo ẹ̀rọ ayélujára àti ìlera òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ti Austrálíà tẹ̀ lé e ní 1 Oṣù Kejìlá 2025. Ọ̀nà 8 ni wọ́n pín in sí, èyí tó gbẹ̀yìn sì dá lórí bíbá àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́nà tó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ wọn.

Ní Nàìjíríà, òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní Oṣù Kìíní 2023 ló rọ́pò òfin 1958 tó ṣì ń pe aláìsàn ní wèrè. Kì í ṣe ìlànà ìmọ̀ṣẹ́, àmọ́ ó ka pípa àṣírí mọ́ sí ẹ̀tọ́ aláìsàn.

Pípa àṣírí mọ́ yìí gan-an ló le jù ní ìwọ̀ oòrùn Kogi, láàárín àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Òkun: Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Owé. Ní ìlú ńlá, ẹni tó ń gba ìtọ́jú àti saikọ́lọ́jísìtì sábà máa ń jẹ́ àjèjì sí ara wọn. Ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú, wọ́n lè jọ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan, kí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, tàbí kí ìyàwó ọ̀kan jẹ́ ọmọ ilé èkejì. Ẹ̀gbọ́n tó mú aláìsàn wá, tó sì sanwó, a sì máa retí kí saikọ́lọ́jísìtì sọ fún òun ohun tí àbúrò òun wí. Ohun tí ìlànà ń béèrè ni kí saikọ́lọ́jísìtì tètè rí ewu yìí, kí ó là á yé tọ̀tún tòsì níbẹ̀rẹ̀, kí ó sì darí aláìsàn sọ́dọ̀ ẹlòmíràn bí ìbátan náà bá lè ṣe àkóbá. Bí Lọ́kọ́ja ni ẹlòmíràn ọ̀hún wà, ìtọ́jú lórí fídíò lè dín ìrìn àjò kù, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà.

Àyẹ̀wò náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tí ìbànújẹ́ ń dà láàmú lè sọ pé nǹkan ń rìn lórí òun, kó má sì dárúkọ ìbànújẹ́ rárá, ìwé ìbéèrè tí wọ́n ṣe fún àwọn ará ilẹ̀ mìíràn sì lè fo àìsàn náà dá.