Bí Igi Ìdáná Ṣe Di Abọ́ Tí Wọ́n Ń Rà Lówó Gọbọi

Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Èyí tó wọ́, tó ní kókó, tí olú ti ń hù lára rẹ̀, ìdí ààrò ló ń gbà lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí igi di abọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi gbà bẹ́ẹ̀, kó tó di pé bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú òkìtì igi ìdáná wò.

Ẹ̀rọ ayígi fúnra rẹ̀ ti gbó. Nínú ibojì àlùfáà kan tó ń jẹ́ Petosiris ní Íjíbítì, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ya àwọn méjì sára ògiri: ọ̀kan ń fa okùn tí igi fi ń yí, èkejì di irin mú, ó fi ń gbẹ́ igi náà. Èyí táwọn Gẹ̀ẹ́sì lò fún ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ ló ń wà á. Wọ́n á so okùn mọ́ ṣóńṣó ọ̀pá gígùn kan tó ń mì lókè, okùn náà á lọ́ mọ́ igi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, á sì sọ̀ kalẹ̀ dé ara pákó tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, igi á yí síwájú, irin á jẹ ẹ́. Tí ẹsẹ̀ bá gbé e, ọ̀pá òkè á fa okùn padà, igi á yí sẹ́yìn, irin á sì dúró wòran. Nínú gbogbo wàhálà yẹn, ìdajì péré ló ń wúlò. Síbẹ̀, abọ́ tí mẹ̀kúnnù fi ń jẹun nìyẹn. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Mary Rose rì ní 1545, abọ́ igi àwọn atukọ̀ bá a lọ sísàlẹ̀ òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀ nígbà táwọn awalẹ̀ dé ibẹ̀ láyé òde òní.

George Lailey ni wọ́n kà sí ẹni ìkẹyìn nínú àwọn ayígi ẹlẹ́sẹ̀ yìí. Inú àhéré kan ní Bucklebury, ní Berkshire, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní irin kan tó tẹ̀ lẹ́nu. Òun ló fi ń yọ abọ́ bíi mélòó kan láti inú ìtì igi elm kan ṣoṣo, ńlá lóde, kékeré nínú, kí igi má baà ṣòfò. 1958 ló kú, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Reading.

Àwọn baba wa ò yí igi. Igbá ń so róbótó fúnra rẹ̀ lóko, kí la fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe? Èyí tó bá sì gba igi, gbẹ́nàgbẹ́nà á fi àáké àti ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, gbẹ́ abọ́ kan tí àwọn ère gbé rù. Láàárín àwọn ère náà, orí kan wà tó ń yí gbirigbiri, tí kò sì lè jáde, nítorí igi kan náà ló ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ ayígi wá kó ṣe ìyẹn! Abọ́ ọ̀hún wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington báyìí. Ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ bàbá àti ọmọ tí mo wí wà.

Orúkọ bàbá ni Melvin Lindquist. Ilé iṣẹ́ General Electric ní Schenectady, ìpínlẹ̀ New York, ló ti ń jẹun; tó bá ṣíwọ́ ló ń yí igi. Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ àga àti ẹsẹ̀ tábìlì ni wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀rọ ayígi ṣe, pákó tí wọ́n ti yan gbẹ ni wọ́n ń lò, èyí tó bá lábàwọ́n, ó di jíjù nù. Àwọn tó tilẹ̀ ń yí abọ́ fún ẹwà, irú James Prestini àti Bob Stocksdale, igi tó mọ́ tónítóní ni wọ́n fẹ́ràn. Ojú Lindquist lọ síbòmíràn. Igi maple àti birch tí olú ti jẹ díẹ̀, tó ní ìlà dúdú wínníwínní nínú, ló gbà á lọ́kàn. Mark ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́ ní Henniker, New Hampshire. Ní 1977, ó kọ àṣírí igi náà sínú ìwé ìròyìn Fine Woodworking. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà tó lọ wo ẹ̀yìnkùlé wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Odi ààlà ni ìlà dúdú yẹn. Olú kan á máa jẹ igi bọ̀ láti ọ̀tún, òmíràn á máa bọ̀ láti òsì. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé, oníkálùkù á mọ odi dúdú kí èkejì má baà wọ ilé rẹ̀. Ọ̀rinrin ni wọ́n fi ń wà láàyè. Tí igi bá ti gbẹ, tí omi inú rẹ̀ kò tó nǹkan bí 20 nínú 100 mọ́, iṣẹ́ wọn dúró, ìlà ò kúrò. Nítorí náà, àsìkò ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá yára yọ igi lábẹ́ òkìtì, kò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá pẹ́, igi á fọ́ sí i lọ́wọ́. Èyí tó bọ́ sáàárín gan-an ò rọrùn: ojú kan á le, ojú kejì á rọ̀, irin á sì máa fa ibi tó rọ̀ ya. Àwọn ayígi òde òní ń kán supa gúlùù síbẹ̀ kó lè mú, kí wọ́n tó fi sáńdípépà ha á. Wọn kì í sì í ṣe é láìbo imú, torí eruku igi tó ti jẹrà ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Igi ọ̀hún náà ò sì wọ́n. Nígbà tí àwọn Lárúbáwá ti epo pa ní 1973, ọ̀pọ̀ ilé ní ìlà oòrùn àríwá Amẹ́ríkà padà sídìí igi fún ìgbóná inú ilé. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì dé ọwọ́ ẹni tí kò gégi rí, òkìtì igi sì wà lẹ́yìn ilé káàkiri. Ní Bìrìtìkó, àrùn kan pa igi elm tó lé ní mílíọ̀nù 25, bẹ́ẹ̀ ni ìjì òru ọjọ́ kan ṣoṣo ní oṣù October 1987 wó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 igi. Tí wọn ò bá dáná sun wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ní Atlanta, Ed Moulthrop, ayàwòrán ilé, kan ẹ̀rọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ torí kó lè yí ìtì igi ràbàtà, ó sì ń rẹ igi sínú kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PEG kó má baà là. David Ellsworth tẹ irin tirẹ̀ kó lè ti ẹnu ihò kékeré gbẹ́ inú ìkòkò igi. Lẹ́yìn ìpàdé ńlá kan ní Arrowmont, ní Tennessee, ní 1985, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ayígi Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1986, Ellsworth ni ààrẹ àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi igi ìdáná gbìyànjú, ẹ jẹ́ kó la ìtì náà sí méjì gba àárín gbùngbùn kọjá, nítorí ibẹ̀ ni igi ti sábà máa ń là. Ìlàjì kan, abọ́ kan. Á kọ́kọ́ yí i nípọn, á fi ìda kùn ún níbi tí ẹnu igi ti ṣí, á gbé e síbi tí oòrùn ò dé fún oṣù bíi mélòó kan. Igi kì í sún kì bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà abọ́ á wọ́, ẹnu rẹ̀ ò ní rí róbótó mọ́. Ìyẹn ló ṣe fi í sílẹ̀ nípọn. Á wá tún un dè mọ́ ẹ̀rọ, á yí i di fẹ́lẹ́.

Ohun tí mo rò ni pé iṣẹ́ náà pàdánù nǹkan kan bó ṣe di ti ọlọ́rọ̀: ẹni tó ra abọ́ Lindquist kì í bu ọbẹ̀ sí i. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robin Wood ní Derbyshire gba ọ̀nà kejì. Ó lọ wo ẹ̀rọ Lailey ní Reading, ó kan ẹlẹ́sẹ̀ tirẹ̀, ó rọ irin rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì padà sí abọ́ igi tútù tí kò ní ìlà dúdú kankan, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi jẹun.